Owó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Yín: Bí A Ṣe Ń Ta Ohun Tí A Kò Lò Mọ́

   Tó bá jẹ́ inú bọ́ọ̀sì lẹ ti ń gbọ́ mi, ẹ di fóònù yín mú dáadáa, pàápàá tí ẹ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. 

Ilé mi ní Sábó, ní Yábàá, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ lè máa gbọ́ ohùn kọ̀ńdọ́ tó ń pe "Oyíǹgbò! Oyíǹgbò!" Ẹ má bínú, fèrèsé mi kọjú sí títì ni.

Ọ̀rọ̀ tòní, ọ̀rọ̀ ẹrù ni. Ẹrù tó kún ilé, tí a kò lò, tí a kò fẹ́ jù nù, tí a kò sì tà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn mí kí ẹ má baà rò pé mo fẹ́ máa pa àṣẹ fún yín.

Ní oṣù Kẹrin, lánlọ́ọ̀dù mi kọ lẹ́tà sí gbogbo wa nínú ilé. Yàrá kan àti pálọ̀ tí mò ń san 600,000 náírà fún lọ́dún, ó ti di 850,000. Ìparí oṣù Kẹfà ni owó mi máa tán. Mo ti tọ́jú 600,000 yẹn pẹ̀lú ìrora. 250,000 tó lé e ni mi ò mọ ibi tó ti máa wá. Mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yá mi lówó. Wọn ò sọ pé rárá. Wọ́n kàn ní, "Kí o tó yáwó, dìde níbi tí o jókòó sí. Wo yàrá rẹ yípo. Ka gbogbo ohun tí o kò fọwọ́ kàn láti ọdún tó kọjá, kí o wá pè mí padà."

Inú bí mi díẹ̀, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n mo dìde, mo sì kà á.

Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan wà, ó ń ṣiṣẹ́, bátìrì rẹ̀ nìkan ni kì í pẹ́ kú. Fóònù kan wà tí ojú rẹ̀ là díẹ̀ lápá òkè. Àga ọ́fíìsì tí mo rà ní 2020 nígbà tí kòrónà sé wa mọ́lé, aṣọ ni mò ń kó lé e lórí báyìí. Blẹ́ńdà méjì. Máíkíróweefù tí mi ò tàn rí láti ìgbà tí owó iná ti wọ́n. Bàtà ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án. Aṣọ ẹbí mọ́kànlá, tí méjì nínú wọn jẹ́ ti ìgbéyàwó tí tọkọtaya ọ̀hún ti pínyà. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì sì ni ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi wà, nínú àpótí igi rẹ̀. A máa padà sórí ìyẹn.

Ẹ wò ó, yàrá tí mò ń sunkún pé owó rẹ̀ wọ́n, ìdajì rẹ̀ ni ẹrù ń gbé. Èmi ni mò ń san owó ilé fún àga.

Kí ló dé tí a kì í fi í tà á? Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni ìtìjú. Tí o bá gbé fáànù rẹ sórí status WhatsApp, ẹnì kan máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láìpẹ́: "Ṣé kò sí o? Ṣé dáadáa ni?" Wọ́n á ti rò pé gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ohun kejì, ọ̀rọ̀ aṣọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n tọ́ dàgbà pé kí èèyàn má ta aṣọ tó ti wọ̀ fún ẹni tí kò mọ̀, nítorí pé wọ́n lè fi gba ìràwọ̀ rẹ̀. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Bí ọkàn yín kò bá gbé e, ẹ fi aṣọ sílẹ̀, ẹ ta blẹ́ńdà. Kò sẹ́ni tó ń fi blẹ́ńdà gba ìràwọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Àwa tí ojú ń tì láti ta àlòkù, àlòkù ta ni a wọ̀ dàgbà? Òpin ọ̀sẹ̀ wo ni Yábàá kì í kún fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣa aṣọ bósíkọ́nà? Bẹ́ẹ̀, aṣọ àlòkù wà lára ohun tí òfin kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun o, síbẹ̀ òun ló wà lára wa. Mọ́tò wa, tòkunbọ̀. Fíríìjì wa, tòkunbọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2018 fi hàn pé ní 2015 àti 2016, bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ iná àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọ Nàìjíríà lọ́dún kan. Ẹnì kan ní Jámánì tàbí ní London ló kó wọn jáde nínú yàrá rẹ̀, tí ojú kò sì tì í. Baba ńlá wa náà mọ gbànjo, àwọn Hausa ń pè é ní gwanjo. Ọjà tó gbó, tí ó ṣì wúlò, ó ní ẹni tó ń wá a. Òwò ni, kì í ṣe ẹ̀sín.

Nísinsìnyí, kí ni ká tà, kí ni ká má tà? Ẹ rántí obìnrin ará Japan yẹn, Marie Kondo, tí gbogbo ayé ń wò lórí Netflix ní 2019. Ó ní kí èèyàn gbé nǹkan lọ́wọ́, tí kò bá ti mú inú ẹni dùn, kó lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ wo ló ń mú inú èèyàn dùn? Tí ẹ bá fi òfin yẹn tọ́ ilé ní Sábó, ìgbà tí wọ́n bá múná lọ ni ẹ máa tó mọ̀.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní 2022, iná àdúgbò wa dáa fún bí oṣù mẹ́ta. Mo bá ta jẹnẹrétọ̀ kékeré mi. Inú mi dùn, ilé fẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, iná padà sí ìwà rẹ̀. Ìgbà tí mo máa fi lọ bèèrè òmíràn, náírà ti ṣubú. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ lọ́jà ní oṣù Kẹfà 2023, bíi 460 náírà ni dọ́là kan ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Ní 2024, ó ti kọjá 1,500. Gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá ló gun òkè. Owó tí mo gbà lórí jẹnẹrétọ̀ yẹn kò ra ìdajì irú rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, òfin tèmi rèé. Kí ẹ tó ta nǹkan, ẹ bi ara yín: "Ṣé màá tún nílò láti ra irú èyí láàárín ọdún méjì?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má tà á, àfi tí ọ̀ràn bá le gan-an. Bí ó bá jẹ́ rárá, ẹ tà á lónìí. Ohun tó sọ náírà di yẹpẹrẹ náà ló mú kí àlòkù yín níye lórí. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká tuntun mọ́, tiyín ló ń wá.

Mo pín ẹrù mi sí ọ̀nà mẹ́ta. Ti títà. Ti fífi ta èèyàn lọ́rẹ: aṣọ ẹbí tó ṣì dáa lọ sọ́dọ̀ àwọn àbúrò ní Abẹ́òkúta. Ìkẹta, ti kóńdẹ́ẹ̀mù. Ẹ mọ àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí wọ́n ń ra irin àti ẹ̀rọ tó ti kú. Blẹ́ńdà kan tó ti jó àti wáyà tí kò ní olórí, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n lọ. Ẹ jọ̀ọ́, bátìrì fóònù tó ti wú, ẹ má jù ú sínú pàǹtí, ẹ má sì dáná sun ún. Ó lè bú gbàmù. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ó mọ bó ṣe máa mú un.

Níbo ni ká ti tà á? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ yín, lórí status àti nínú gúrúùpù ilé, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí. Owó lè kéré díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn á balẹ̀. Lẹ́yìn náà, Jiji wà. Láti 2014 ló ti wà ní Nàìjíríà, òun ló sì ra OLX ní 2019, ẹ̀yin tí ẹ rántí OLX. Facebook Marketplace náà wà. Àwa ará Sábó tún ní oríire kan: Yabatech wà lẹ́yìn wa, Unilag wà ní Akọkà. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wọlé fún sáà tuntun, ohun tí wọ́n ń wá ni fáànù, ìkòkò, fóòmù, àga àti tábìlì. Tí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ dúró de àsìkò yẹn. Àga ọ́fíìsì mi, ọmọ Yabatech ló rà á ní 25,000. Orí ló fi gbé e lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ nu nǹkan náà mọ́. Ojúmọmọ ni kí ẹ yà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ yà á níwájú, lẹ́yìn, àti ibi tó ti ní àbùkù. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ya àbùkù rẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ fóònù yẹn pé, "Ojú rẹ̀ là lápá òkè, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, ẹ wá wò ó." Èèyàn mẹ́ta péré ló pè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dé tó ní mo tan òun jẹ. Ẹni kejì ló rà á, 40,000.

Iye ńkọ́? Ẹ wo ohun tí àwọn ẹlòmíì ń ta irú rẹ̀, kí ẹ fi díẹ̀ lé iye tí ẹ fẹ́ gbà. Ẹ mọ Èkó, kò sẹ́ni tó máa gba iye tí ẹ bá kọ́kọ́ dá lé e. Wọ́n á ná an. Ọmọkùnrin kan fi 30,000 na láptọ́ọ̀pù tí mo pè ní 100,000. Mo kàn rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ kú ìnájà o, ẹ tún fi kún un." Ẹ má bínú sí ẹni tó bá ń ná ọjà. Ṣùgbọ́n kí ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa dúró sí kó tó dé. 85,000 ni mo dúró sí, ẹlòmíì ló sì san án.

Kí ẹ tó fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lélẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ kó àwọn fọ́tò yín pamọ́ síbòmíràn. Ẹ yọ Google tàbí iCloud yín kúrò lórí rẹ̀, ẹ yọ áàpù báńkì, ẹ wá pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kó padà dà bí ìgbà tó ti ilé iṣẹ́ dé. Ẹ yọ síìmù. Bí rìsíìtì àti páálí rẹ̀ bá wà, ẹ fi kún un. Ohun tó ń bà oníbàárà lẹ́rù ni pé kó má ra ẹrù olè, torí òfin kò fojúure wo ẹni tó bá mọ̀ pé ẹrù olè ni tó sì rà á. Rìsíìtì yín yẹn, owó ni.

Ọ̀rọ̀ ààbò. Ẹ má pe ẹni tí ẹ kò mọ̀ wá sínú yàrá yín. Ìta gbangba ni kí ẹ ti pàdé, ní ọ̀sán, níbi tí èrò wà. Èmi máa ń lo iwájú ilé ìtajà kan tí wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún alẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Ẹni tó wá ra máíkíróweefù àti blẹ́ńdà mi ti gbé wọn sórí ọ̀kadà. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi: "Àǹtí, ẹ wò ó, mo ti sanwó." Lóòótọ́, ó wà lójú fóònù rẹ̀. Mo tún gba téẹ̀sì, ó ní 32,000 ti wọlé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan." Mo ṣí áàpù báńkì tèmi. Kò sí kọ́bọ̀. Mo ní kó jẹ́ ká dúró dìgbà tó bá wọlé. Ó ní òun ń kánjú. Mo ní kó kánjú lọ, kó fi ẹrù sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀, mi ò sì tún fojú kàn án mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ilé kejì ló rà wọ́n, ó ka 32,000 náà lé mi lọ́wọ́. Téẹ̀sì kì í ṣe owó o. Ohun tó wà nínú àkáǹtì yín ni owó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Láptọ́ọ̀pù, 85,000. Fóònù, 40,000. Àga, 25,000. Máíkíróweefù àti blẹ́ńdà, 32,000. Bàtà mẹ́fà àti àwọn aṣọ díẹ̀, 18,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 200,000. Ó ku 50,000, oṣù Kẹfà sì ti ń lọ sópin.

Ó wá ku ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi.

Télọ̀ ni Màámi ní Mushin. Ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi rán aṣọ tí wọ́n fi san owó ilé-ìwé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, tí wọ́n padà sí Ìjẹ̀bú, wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n ní bóyá lọ́jọ́ kan màá kọ́ ọ. Ọdún méje ló lò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò rán bọ́tìnì kan rí.

Mo bi ọkùnrin kan tó ń ra àlòkù, ó wò ó, ó ní 70,000, òun á san án lójú ẹsẹ̀. Ó fẹ́ kó o lọ sáàárín ẹrù yòókù, lóríi kòkò àti fáànù. 70,000! Owó ilé á pé, 20,000 á ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo sọ fún un pé kó padà wá lọ́la. Mo pe Màámi lálẹ́. Mo rò pé wọ́n máa sunkún, tàbí kí wọ́n bínú.

Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀rọ yẹn ni ìyá rẹ ni? Èmi rèé, mo ń bá ọ sọ̀rọ̀. Tà á." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n má tà á fún ẹni tó máa tún gbé e pamọ́. Ẹni tó máa fi ránṣọ ni kí o tà á fún."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní àárọ̀, mo bi télọ̀ mi bóyá ó mọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ọmọ iṣẹ́ òun kan máa gba fúrídọ̀mù lóṣù tó ń bọ̀, kò sì tíì ní ẹ̀rọ. Ọmọbìnrin náà wá. Ó ṣí àpótí, ó tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà wò, ó fọwọ́ ra á bí ìgbà tí èèyàn bá ń fọwọ́ ra orí ọmọ. 50,000 lagbára rẹ̀ ká. 30,000 nísinsìnyí, 20,000 ní ìparí oṣù Keje. Mo gbà.

Ẹ lè ní mo gọ̀. Ní ti owó, mo gọ̀. Mo fi 20,000 sílẹ̀ lórí 70,000, owó ilé mi kò sì pé. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo padà lọ bá fún 20,000 yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n yá mi láìsọ̀rọ̀. Mo san owó ilé ní ọjọ́ tó ku ọ̀la. Ọmọbìnrin yẹn kò san ní ìparí oṣù Keje, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ ló tó san, mo sì ti fẹ́ máa kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ó san án. Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tí mo kọ́ nìyí. Ohun kan, títa ẹrù kì í ṣe owó oṣù. Ẹ ò lè ta àga kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí lánlọ́ọ̀dù bá tún fi kún owó lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí láptọ́ọ̀pù mìíràn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Nítorí náà, kí ẹ tó tà, ẹ mọ ohun tí owó náà máa ṣe. Ẹ fi sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀. Tó bá wọ inú owó ọbẹ̀, á pòórá bí iyọ̀. Ohun kejì, ẹ má ta ohun tí kì í ṣe tiyín nìkan láìbi ẹni tó ni ín. Ìpè ìṣẹ́jú márùn-ún sí Màámi ló gbà mí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí ì bá máa jẹ mí lọ́kàn títí.

Ohun kẹta, ilé mi fẹ̀. Mo lè na ẹsẹ̀. Mo tún lè gbálẹ̀ dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibi tí ìgbálẹ̀ kò dé láti ọdún méje.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí kò pọ̀. Ẹ wá ohun mẹ́ta péré tí ẹ kò fọwọ́ kàn láti ọdún tó kọjá. Ẹ ta ọ̀kan, ẹ fi ọ̀kan tọrẹ. Ìkẹta, ẹ pe ẹni tó fún yín, kí ẹ bi í bóyá kó máa lọ. Tí ẹ bá ti ṣe é, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, ẹ sọ bó ṣe rí. Mo fẹ́ gbọ́, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n fi 30,000 na láptọ́ọ̀pù yín.

Màámi bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹ̀rọ ńkọ́. Mo ya fọ́tò bùbá kan tí ọmọbìnrin yẹn fi rán, mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n fi hàn wọ́n. Wọ́n sún fóònù mọ́ ojú, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ọrùn rẹ̀ kò dọ́gba. Sọ fún un kó máa rọra."

Ó dìgbà kan ná o. Ẹ tọ́jú ara yín, ẹ tọ́jú rìsíìtì yín.